Ọ̀GẸ̀DẸ̀ TÍ GBÒǸGBÒ RẸ̀ TI BÀJẸ́: ÈWO NI A LÈ GBÀ LÀ?

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Kò sí ìdílé kan nínú àwa tí a wá dáko ní ìdálẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Edo, Delta, Kogi tàbí Cross River, tí kò mọ ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣe fún wa. Òun ni a ń jẹ kí iṣu tó ta. Òun ni àwọn ìyá ń gbé lọ sí ọjà nígbà tí owó bá wọ́n. Òun náà ni ó ń ṣíji bo kòkó kékeré títí kòkó yóò fi lè dá dúró. Nítorí náà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń ṣubú lóko, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Nígbà tí àwa kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ tí a wà yìí, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a hú láti oko àwọn bàbá wa ni a kó wá gbìn. A hú wọn ní ọ̀sán, a kó wọn jọ sí etí oko, ilẹ̀ sì mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Erùpẹ̀ ilé wà lára gbòǹgbò wọn, inú wa sì ń dùn pé a mú díẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá wa dání. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò mọ̀ pé a kó olè mọ́ ẹ̀ṣọ́.

Ní ọdún kìíní, èso dára. Ní ọdún kejì, èso kéré. Nígbà tí òjò ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀, ìjì kan tí kò le púpọ̀ fẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí a dé oko ní òwúrọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sùn sílẹ̀ kiri. Òmíràn ti gbé èso tí kò tíì gbó. Òmíràn wó lu kòkó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò wó lù, oòrùn rí i nígbà tí ìbòòji ti lọ. Ìṣákọ́lẹ̀ kò dúró dè wá, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò dúró.

Àwọn kan nínú wa ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí a yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sókè tí a wò ó dáadáa ni a tó mọ òtítọ́. Gbòǹgbò kò sí mọ́. Afẹ́fẹ́ kàn ti ohun tí ó ti kú tipẹ́ ni. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

BÍ GBÒǸGBÒ Ọ̀GẸ̀DẸ̀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ohun rìbìtì bí iṣu kan wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun ni a ó máa pè ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ara rẹ̀ ni gbogbo gbòǹgbò ti ń jáde, ara rẹ̀ náà sì ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń hù. Gbòǹgbò wọ̀nyí kì í wọlẹ̀ jìnnà bí ti ìrókò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní òkè ilẹ̀, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lọ, wọ́n sì ń tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí èyí ni ọkọ́ tí a bá fi roko jinlẹ̀ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ṣe é léṣe.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa yọ gbòǹgbò tuntun níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì yọ òdòdó. Bí òdòdó bá ti jáde, kò ní yọ gbòǹgbò tuntun mọ́. Èyí tí ó ní ni yóò fi gbé èso rẹ̀ títí yóò fi gbó, nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi máa ń ṣubú nígbà tí èso bá ti wúwo: ẹrù pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kò pọ̀ sí i.

TA NI Ó JẸ GBÒǸGBÒ?

Ọ̀tá méjì ni ó wọ́pọ̀ jù.

Èkíní ni aràn inú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nẹ́mátóòdù. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú gbòǹgbò ni ó ń wọ̀, tí ó ń jẹ ẹran ara rẹ̀, tí gbòǹgbò náà yóò sì jẹrà.

Èkejì ni kòkòrò dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀. Kò gùn tó ìdajì ìka kékeré. Alẹ́ ni ó ń rìn, ó sì fẹ́ràn ibi tútù lábẹ́ ìtì tí a gé sílẹ̀. Ó ń yé ẹyin sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdin funfun tí ó bá jáde láti inú ẹyin náà ni yóò máa lu ihò kiri nínú ìdí, bí ẹni tí ń gbẹ́ kànga.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ṣubú yóò sọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá yín. Bí gbogbo ìdí bá hú jáde nínú ilẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ kúrú tí ó sì dúdú, aràn ni. Bí ó bá dá ní ibi ìdí gan-an, tí apá kan kù sínú ilẹ̀, tí ẹ sì rí ihò níbi tí ó ti dá, kòkòrò ni. Bí ó bá ṣẹ́ ní àárín ìtì lókè, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lóòótọ́ tàbí ìwúwo èso. Ní oko mìíràn, àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà. Omi tí ó dúró sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò mú kí gbòǹgbò rà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti pẹ́ lójú kan, ìdí àwọn ọmọ tí ń hù lẹ́yìn ìyá wọn a máa ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí gbòǹgbò yóò fi hàn síta. Èyí kì í ṣe àrùn, erùpẹ̀ ni ó ń bèèrè.

BÍ A ṢE LÈ YẸ GBÒǸGBÒ WÒ

Ẹ má dúró de ìjì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi mẹ́wàá ní ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú gbòǹgbò márùn-ún jáde, ẹ fi omi ṣàn wọ́n, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ là wọ́n ní òró.

Gbòǹgbò tí ó yè yóò funfun nínú, yóò sì le. Èyí tí aràn ti wọ̀ yóò ní àmì pupa bí ìpàdé osùn àti èédú. Èyí tí ó ti kú yóò dúdú, yóò sì rọ̀ tàbí kí ó ṣófo bí ìdí koríko gbígbẹ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni ó ní àmì, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá ju ìdajì lọ, ẹ má fi oko náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é, ojú wọn mú ju tiwa lọ.

ÈWO NI A LÈ GBÀ LÀ?

1. Èyí tí kò tíì yọ òdòdó. Eléyìí ni ìrètí wà fún jù. Ẹ gé ewé tí ó ti gbẹ kúrò. Nínú àwọn ọmọ ìdí rẹ̀, ẹ fi ẹyọ kan péré sílẹ̀, ẹ gé ìyókù. Ẹ wa erùpẹ̀ rere bo gbòǹgbò tí ó hàn. Ẹ kó ajílẹ̀ tí ó ti jinná yí i ká, yálà ìgbẹ́ adìẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ìdọ̀tí ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ìtì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí kòkòrò má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Bí omi bá ń dúró níbẹ̀, ẹ la ọ̀nà fún un. Gbòǹgbò tuntun yóò jáde sínú erùpẹ̀ tuntun náà. Aràn kò tíì lọ o, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó jẹun yó lè so ṣáájú kí aràn tó borí rẹ̀.

2. Èyí tí ó ti gbé èso. Ẹ má náwó ajílẹ̀ lé e lórí nítorí gbòǹgbò. Ìgbà ti kọjá. Ọ̀pá ni ó nílò. Ẹ gé ọparun méjì, ẹ so wọ́n pọ̀ ní ìtòsí orí bí almágàjí, kí ẹ sì fi gbé ọrùn èso ní ìhà tí ó tẹ̀ sí. Bí èso bá ti gbó, ẹ gé e, kí ẹ má sì fi ìdílé náà sílẹ̀ láti so lẹ́ẹ̀kan sí i lójú kan náà bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá ìdajì.

3. Èyí tí ó ti ṣubú. Ẹ má gbé e dúró padà. Agbára òfo ni. Ẹ gé èso rẹ̀, ẹ gé ìtì rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ìtì tí a fi sílẹ̀ gbọọrọ ni kòkòrò fi ń ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má sunkún jù. Àwọn àgbà máa ń gbàdúrà pé a kì í rí àgàn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ọmọ náà ni a ó fi dá oko mìíràn.

BÍ A ṢE Ń WẸ ỌMỌ Ọ̀GẸ̀DẸ̀ MỌ́

Èyí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa. Aràn kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè gbé e jìnnà, kòkòrò dúdú náà kì í sì í sábà fò. Ọwọ́ wa ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò wẹ̀ ni ọkọ̀ wọn. Nítorí náà, bí a bá dá oko tuntun, a kò gbọdọ̀ gbé wọn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yan ọmọ. Èyí tí ewé rẹ̀ tínrín bí idà ni ó dára. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré kì í lágbára.

Ẹ hú u, kí ẹ sì gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bó èèpo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu, títí funfun yóò fi hàn yíká. Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí a ń pọ́n àdá sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín kí ó mú, nítorí ọ̀bẹ tí kò mú yóò fi egbò tí kò dára sí i lára. Bí ẹ bá rí àmì pupa tàbí ihò, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Bí ihò bá wọ inú lọ, ẹ ju ọmọ náà nù. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹyọ kan tó láti ba oko jẹ́.

Ẹ gé ìtì rẹ̀ kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Èèpo àti gbòǹgbò tí ẹ gé, ẹ fi í sílẹ̀ ní oko àtijọ́ náà kí oòrùn pa á. Ẹ má gbé e dé oko tuntun.

Ẹ kó àwọn tí ẹ bó tán kúrò ní oko náà ní ọjọ́ yẹn gan-an. Òórùn ìdí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ń pe kòkòrò. Bí ó bá sùn sí oko di ọjọ́ kejì, wọn yóò ti yé ẹyin sí i. Àṣìṣe tí àwa ṣe nìyẹn.

OMI HÍHÓ

Bíbó nìkan kò pa gbogbo aràn tán. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà kan tí kò ná wa ju igi ìdáná àti omi lọ.

Ẹ gbé ìkòkò ńlá tàbí ìdajì àgbá ka iná. Ẹ jẹ́ kí omi hó, kí ó máa yọ gùdù. Ẹ kó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti bó sínú agbọ̀n tàbí àpò tí omi lè gbà kọjá, díẹ̀díẹ̀, kí ó má pọ̀ jù. Ẹ rì í sínú omi híhó náà kí ìdí rẹ̀ wọlé tán, kí ẹ sì kà láti ení títí dé ọgbọ̀n ní pẹ̀lẹ́, bí ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ gbé e jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí omi tún hó kí ẹ tó rì òmíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò jinná. Kò ní jinná. Ooru náà kò dé àárín níbi tí ẹ̀mí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ara òde ni ó dé, níbi tí aràn àti ẹyin kòkòrò kù sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ ti se oúnjẹ nìyẹn. Àgbàlagbà ni kí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí iná àti omi gbígbóná.

Ẹ tẹ́ wọn sí ibi ìbòòji kí wọ́n tutù, kí ẹ sì gbìn wọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀.

OKO TUNTUN

Ẹ má gbìn ín sí ojú ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ṣubú. Aràn ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹ fi ohun ọ̀gbìn mìíràn sí ilẹ̀ náà fún ọdún kan tàbí méjì, kí ẹ sì máa hú gbogbo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá tún yọ níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ tuntun, ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Mítà mẹ́ta sí mítà méjì ni àyè tí ó yẹ láàárín wọn. Èyí yóò gba nǹkan bí 1,667 ní héktà kan. Ẹ da erùpẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ kí ẹ fi dí i. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà ọ̀dàn, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn, kí ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ rárá, kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í sábà kú. Ó lè wà fún ogún ọdún ní etí ààtàn, nígbà tí ti oko ń rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Kì í ṣe iṣẹ́ oògùn. Eérú, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ ẹran tí àwọn ìyá ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń bọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú ààtàn ilé máa dé oko. Ẹ kó ọ̀rá, ìgò àti bátìrì kúrò nínú rẹ̀ ná.

Láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti dé, ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti kórè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì da ojú rẹ̀ délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ yí i padà ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Àwọn kòkòrò tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ pa wọ́n. Ẹ máa pààrọ̀ ìtì náà déédéé.

Ní ti oògùn apakòkòrò, ẹ má ra èyí tí kò ní àkọlé, tí wọ́n bù sínú ìgò omi ní ọjà. Ohun tí a ń jẹ ni à ń dà á sí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tí ó wà nítòsí yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Àwa náà tún oko wa dá. A kò rí gbogbo kòkó wa gbà padà, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó, tí a rì sínú omi híhó, ni ó ń ṣíji bo èyí tí a tún gbìn báyìí. Nígbà tí ìbátan wa kan ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àpò, etí oko ni a ti pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Kò bínú. Òun náà jókòó, ó bá wa bó o.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún aládùúgbò yín pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ àlejò bíi tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fún un ní èyí tí ó mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ ÀTI NÍ ÌPÀDÉ

1. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá aràn ni ó bi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wó tàbí kòkòrò dúdú?
2. Kí ni ìdí tí ajílẹ̀ kò fi lè mú gbòǹgbò tuntun jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gbé èso?
3. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó bá sùn sí oko àtijọ́?
4. Èló ni a ó kà kí a tó gbé e jáde nínú omi híhó?
5. Níbo ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà ní oko yín báyìí ti wá, ta ni ó sì wẹ̀ ẹ́ mọ́?